Òjò àti Ooru Tó Ń Wúwo Sí I: Ohun Tí Sáyẹ́ǹsì Rí, àti Ibi Tí Ọwọ́ Tiwa Wà

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò kan rọ̀ ní Ìbàdàn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Ohun tó rọ̀ lé ní 250 mílímítà. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ti pọ̀ tó, gbogbo òjò tí Ìbàdàn ń rí láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kejìlá kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,300 mílímítà lọ. Bí ìdá kan nínú márùn-ún òjò ọdún kan ló já lu ìlú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Odò Ògùnpa kún, ó ya wọ ilé onílé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ènìyàn. Àwọn tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn tó lé ní 180 mílímítà tún rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru. Afárá Àpẹ̀tẹ̀ já lọ, odò Ọ̀nà ya, adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya. Àwọn tó kú tún lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì dáadáa. Òpin oṣù Kẹjọ ni. Gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ pé oṣù Kẹjọ ni òjò máa ń sinmi díẹ̀ kí àrọ̀kúrò tó dé. Ìdí ìsinmi náà ni pé ní àsìkò yẹn, ibi tí òjò pọ̀ sí jù ti gòkè lọ sí ilẹ̀ Hausa àti ilẹ̀ Niger, omi òkun etí Gánà àti Côte d'Ivoire sì ti tutù, nítorí omi ìsàlẹ̀ òkun ń ru wá sókè. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù kọjá kì í fi bẹ́ẹ̀ ní agbára láti gòkè di òjò ńlá. Ṣùgbọ́n ìsinmi yìí kì í ṣe òfin. Ó lè yẹ̀ ní ọdún kan, bó sì ti yẹ̀ ní 1980 nìyẹn.

Bí mo bá wá dúró níwájú yín lónìí tí mo sọ pé àyípadà ojú ọjọ́ ló pa àwọn ènìyàn ọdún 1980, mo ti ṣì yín lọ́nà. Ayé kò tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tó pa wọ́n ju ohunkóhun lọ ni ilé tí a kọ́ sí etí Ògùnpa, àti pàǹtí tí a dà sínú rẹ̀ títí odò náà kò fi rí ọ̀nà gbà mọ́. Bákan náà, bí mo bá sọ pé gbogbo òjò àti ooru tí à ń rí báyìí kò yàtọ̀ sí ti àtijọ́, pé bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn, irọ́ ni mo pa. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ ṣe nírọ̀lẹ́ yìí ni kí a ya èyí tó jẹ́ ti ayé tó ń gbóná sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹ́ ti ọwọ́ ara wa. Sáyẹ́ǹsì ti lè ṣe é báyìí. Ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, kò lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Eunice Foote mú àwọn ìgò gígùn, ó rọ oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ sínú wọn, ó ki tẹmọ́mítà bọ̀ wọ́n, ó sì gbé wọn sínú oòrùn. Ìgò tó rọ kábọ́ọ̀nù dàìọ́ksáìdì sí ló gbóná jù, òun náà ló sì pẹ́ jù kó tó tutù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí irú afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀ sí i lójú sánmọ̀, ayé yóò gbóná ju bó ti wà lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, John Tyndall ní Lọ́ńdọ̀nù fi bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ hàn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń la afẹ́fẹ́ yìí kọjá wá sílẹ̀, kò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ooru tí ilẹ̀ ń tú padà sókè, èyí tí ojú wa kò lè rí, afẹ́fẹ́ náà ń gbà á mọ́ra, ó sì ń dá apá kan rẹ̀ padà sórí wa. Nígbà tó fi máa di 1896, Svante Arrhenius ní orílẹ̀-èdè Swídìn ti jókòó fi ọwọ́ ṣírò bí ayé yóò ti gbóná tó bí afẹ́fẹ́ yìí bá di ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ó ti wà nílẹ̀ kí mọ́tò tó dé Èkó.

Charles Keeling ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọn iye kábọ́ọ̀nù dàìọ́ksáìdì tó wà lójú sánmọ̀ lójoojúmọ́ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní ọdún 1958. Nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nǹkan bíi 315 ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù dàìọ́ksáìdì nígbà náà. Ó ti kọjá 420 báyìí. Kí ilé iṣẹ́ tó ń jó èédú tó gbòde ní Yúróòpù, 280 ni.

Ẹnìkan lè bi mí pé báwo la ṣe mọ̀ pé ènìyàn ló fà á, pé kì í ṣe oòrùn ló ń ràn jù. Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn gidi. Bó bá jẹ́ oòrùn ló ń ràn jù, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ níbi tí a wà àti afẹ́fẹ́ òkè réré, níbi tí bàálù kì í sábà dé, ni ìbá jọ máa gbóná. Ohun tí sátẹ́láìtì rí ni pé ìsàlẹ̀ ń gbóná, òkè réré sì ń tutù. Ìdí ni pé kábọ́ọ̀nù dàìọ́ksáìdì ń há ooru mọ́ ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ní òkè réré, ṣe ló ń tú ooru ibẹ̀ jáde kúrò láyé. Syukuro Manabe, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti ṣírò pé bí yóò ṣe rí nìyẹn láti ọdún 1967, nígbà tí kò sí sátẹ́láìtì tó lè wọ̀n ọ́n. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Bí mo bá ń ka iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ó máa ń wú mi lórí pé ènìyàn lè fi ìṣírò rí ohun tó jìnnà tó báyẹn, kó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọdún 2024 ni ọdún àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé fi ju dígírì kan ààbọ̀ gbóná ju bó ti rí kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó dé. Ẹ má ṣe wò ó bí ohun kékeré. Ìpíndọ́gba ni, tòkun-tilẹ̀, tọ̀sán-tòru, tọyẹ́-tòjò. Òkun nìkan ti gbé ju ìdá 90 nínú 100 ooru àfikún náà mì.

Ẹ̀yin tí wọ́n gbé omi tútù síwájú yín, ẹ wo ara ife náà. Omi tó ń kán lára rẹ̀ kò jò láti inú. Inú afẹ́fẹ́ gbọ̀ngàn yìí ló ti wá. Afẹ́fẹ́ tó fara kan ife ti tutù, kò lè gbé gbogbo omi tó wà nínú rẹ̀ mọ́, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Bí òjò ṣe ń rọ̀ náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná gbé omi gòkè láti orí òkun, ó débi tó tutù, ó sọ ẹrù. Iṣẹ́ tí Émile Clapeyron ará Faransé àti Rudolf Clausius ará Jámánì ṣe láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló jẹ́ ká mọ iye rẹ̀: fún dígírì kan tí afẹ́fẹ́ bá fi gbóná sí i, ó lè gbé omi tó fi bí ìdá 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Omi náà kì í ṣe ẹrù lásán, nítorí ooru wà nínú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn sọ omi òkun di oru, ooru tó fi ṣe iṣẹ́ yẹn bá oru náà gòkè. Bí oru bá padà di omi nínú àwọsánmà, ooru tú jáde, ó ti afẹ́fẹ́ sókè sí i, afẹ́fẹ́ mìíràn tó kún fún omi sì ń ya wọlé láti ìsàlẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, òjò tó le jù lọ a máa le kọjá ìdá 7 yẹn nígbà mìíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àgbẹ̀ la dé yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí rẹ̀. Òjò tó le jù ń fi ìdá 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àpapọ̀ òjò ọdún kan ní gbogbo ayé kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdá 1 sí 3 péré ni fún dígírì kan. Bí òjò kọ̀ọ̀kan bá wá tóbi tí àpapọ̀ kò sì tóbi tó o, àlàfo tó wà láàárín òjò sí òjò ni yóò gùn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kò sì ní dúró lásán nínú àlàfo náà. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń fa omi jáde nínú ilẹ̀, nínú ewé àgbàdo, nínú ewé ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tán, ooru oòrùn tí ìbá lo ara rẹ̀ lórí fífa omi á wá bọ́ sórí afẹ́fẹ́ tààrà, ọjọ́ á tún gbóná sí i. Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo àkọ́rọ̀ tí òjò méjì àkọ́kọ́ fi tàn án jẹ, tó tún wá ra irúgbìn lẹ́ẹ̀kejì, kò ṣàṣìṣe. Àlàfo ló gùn. Omíyalé àti ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ ní oko kan náà, ní ọdún kan náà, kò tako ara wọn. Orísun kan ni wọ́n ti ń wá.

Àwọn ìjì tó ń ti ìlà-oòrùn rọ́ wá bá wa ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí sánmọ̀ á ṣú dùdù, tí páànù á máa fò, nínú ẹbí kan náà ni àwọn àti ìjì ńláńlá ilẹ̀ Sàhẹ́lì, ní etí gúúsù Aṣálẹ̀ Sàhárà, wà. Ní ọdún 2017, Christopher Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n wo àwòrán sátẹ́láìtì láti 1982, wọ́n sì rí i pé iye ìgbà tí ìjì tó le jù lọ ń jà ní Sàhẹ́lì ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún márùndínlógójì! Ìdá 7 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò lè ṣàlàyé ìyẹn. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni Aṣálẹ̀ Sàhárà. Sàhárà ń gbóná kíákíá ju ilẹ̀ etí òkun lọ. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àríwá gbígbóná àti gúúsù tó tutù díẹ̀ bá fẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ àti afẹ́fẹ́ òkè kì í fẹ́ bákan náà mọ́, eré wọn á yàtọ̀, ọ̀nà wọn á yàtọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń fún ìjì ní ẹ̀mí gígùn. Ó ń jẹ́ kí ìjì náà tẹ̀, kí òjò rẹ̀ má baà rọ̀ sórí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń bọ́ ọ. Ìjì tí ìbá kú láàárín wákàtí kan á wá máa rìn láti ilẹ̀ kan dé ilẹ̀ kejì.

Sàhẹ́lì kan náà yìí ni ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa ènìyàn àti màlúù rẹpẹtẹ láàárín 1970 sí 1985. Ìwádìí ti fi hàn pé èéfín ilé iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wà lára ohun tó fà á, nítorí èéfín náà dí oòrùn lójú lórí òkun Atlantic ti àríwá, omi ibẹ̀ tutù, àgbègbè òjò wa sì sún sí gúúsù. Ìlú tó jìnnà réré ló dáná, tiwa ni kò rí omi mu. Títí di òní, gbogbo Áfíríkà kò tíì dá ìdá 5 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná yìí. Inú mi kì í dùn bí mo bá ń sọ ọ́, n kò sì rò pé ó yẹ kó dùn.

Mo ní kí a padà sí ìṣírò tó ń ya ti ayé sọ́tọ̀ kúrò lára tiwa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2003, odò Thames ń kún bọ̀ sí ilé Myles Allen ní Oxford. Onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ni. Ó kọ̀wé sínú Nature, ó béèrè bóyá ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó lè sọ ẹni tí ẹ̀bi irú ìkún omi bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn kan náà, ooru pa ènìyàn tó lé ní 70,000 ní Yúróòpù. Lọ́dún kejì, òun pẹ̀lú Peter Stott àti Dáithí Stone fi ìṣírò hàn pé ọwọ́ ènìyàn ti sọ ṣíṣeéṣe irú ooru bẹ́ẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó kéré tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ká ní awakọ̀ kan ti máa ń sá ọgọ́rin kìlómítà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá ọgọ́fà. Bó bá ní ìjàǹbá lọ́jọ́ kan, ẹnikẹ́ni kò lè búra pé eré nìkan ló fà á, nítorí ó lè jẹ́ táyà, ó lè jẹ́ kòtò. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìjàǹbá ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ tó ń sá ọgọ́rin, tí a ka ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń sá ọgọ́fà, a ó mọ iye tí eré fi kún ewu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ yìí ń fi kọ̀ǹpútà dá ayé méjì, ọ̀kan tí a kò jó èédú àti epo rọ̀bì nínú rẹ̀, èkejì tó jẹ́ ayé wa yìí. Wọ́n á mú kí ojú ọjọ́ rìn nínú méjèèjì ní àìmọye ìgbà, wọ́n á ka iye ìgbà tí irú òjò tàbí ooru tí wọ́n ń wá ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ohun tí a wọ̀n gan-an lórí ilẹ̀ dán an wò.

Ní àárín oṣù Kejì ọdún 2024, ẹ ó rántí ooru yẹn. Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ń parí lọ́wọ́ ní Côte d'Ivoire, wọ́n ń dá eré dúró kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. Nílé níbí, ooru kò jẹ́ ká sùn, iná mànàmáná kò sì sí. Ooru tó ní ọ̀rinrin nínú ló burú jù. Ara ènìyàn ń fi òógùn tutù, ṣùgbọ́n òógùn kò lè tu ara bí kò bá gbẹ. Bí omi bá ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn á kàn máa ṣàn ni, ooru á sì máa kóra jọ sínú ara. Ooru tí ara ń gbọ́ lọ sí dígírì 50. Ẹgbẹ́ World Weather Attribution, tí àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà wà lára wọn, yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i pé àyípadà ojú ọjọ́ ti mú kí irú ooru yẹn ṣeé ṣe ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó sì fi bíi dígírì mẹ́rin kún ohun tí ara ń gbọ́. Ooru tí ìbá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́gọ́rùn-ún ọdún ti di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá. Bí ayé bá gbóná dé dígírì méjì, yóò di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì-méjì. Ẹ ro ti alákàrà tó jókòó ti iná, ẹ ro ti wẹ́dà, ẹ ro ti aboyún tó ń ru ẹrù lọ́jà.

Ní ọdún 2022, omi pa ju 600 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ẹgbẹ́ kan náà wo òjò gbogbo àsìkò náà ní agbègbè Adágún Chad, wọ́n ní ayé tó gbóná ti mú kí ó ṣeé ṣe ní ìlọ́po ọgọ́rin. Àwọn kan náà sì ni wọ́n wo ọ̀gbẹlẹ̀ gúúsù Madagascar ní 2021, nígbà tí gbogbo ayé ti ń pariwo pé àyípadà ojú ọjọ́ ló dá ebi síbẹ̀, tí wọ́n sì sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, pé òṣì àti bí òjò ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù. Nítorí pé wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ nìkan kọ́ ni mo ṣe gbà wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n bá sọ ìlọ́po ọgọ́rin, ṣùgbọ́n ó ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ sì má gbàgbé pé nínú omíyalé 2022 yẹn náà, tiwa wà níbẹ̀. Nígbà tí Kamẹrúùnù kọ́ ìdídò Lagdo sórí odò Bẹ́núè, tó parí ní 1982, ètò wà pé kí Nàìjíríà kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adamawa láti gba omi tó bá ń tú wá. A kò parí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ọdún ni wọ́n ń ṣí Lagdo, lọ́pọ̀ ọdún ni omi ń wá bá wa. Wọ́n ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Òótọ́ ni nípa òjò. Nípa omi tó ń ṣàn lẹ́yìn òjò, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní owó ilẹ̀ òkè ni omi yẹn máa ń kọ́kọ́ rí.

Ibi tó kù fún mi láti kàn ni iye òjò tí àwọn gọ́tà àti afárá wa lè gbà. Ìwé òjò àtijọ́ ni ẹnjiníà ń wò kó tó pinnu bí afárá yóò ti fẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká mú òjò 250 mílímítà ti 1980 yẹn, ká gbé e wá sínú afẹ́fẹ́ tó fi dígírì kan péré gbóná sí i. Ìdá 7 rẹ̀ ju 17 mílímítà lọ. Lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn jẹ́ lítà omi 170,000, bí tánkà ńlá mẹ́tàdínlógún tó ń gbé lítà 10,000. Ìlú Ìbàdàn kì í ṣe hẹ́kítà kan. Ilẹ̀ tó jẹ́ koríko àti oko kòkó ní 1980, tó ń fa omi mu, ti di páànù àti kọnkéré báyìí, omi á sì tètè dé odò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Afárá tí wọ́n bá fi ìwé òjò àtijọ́ wọ̀n lónìí, kódà kí símẹ́ǹtì rẹ̀ pé, kí irin rẹ̀ nípọn, ó ti kéré jù ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i.